Àsíá Orí Tábìlì

Mẹ́rìnlá ni wọ́n ní kí n rán,
àsíá kékeré, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.
Màálàm Bùkáà tó gbé iṣẹ́ wá bá mi ní Nyanya
ní ìpàdé ńlá ń bọ̀ ní Àbújá:
ẹgbẹ́ ológun láti ẹ̀yìn òkun
fẹ́ bá àwa àti àwọn aládùúgbò wa mulẹ̀,
kí ojú kan lè máa ṣọ́nà bí èkejì bá ń tòògbé.
Ó ní kí n má ṣàṣìṣe o.
"Madam, àwọ̀ ló ń dá ìjà sílẹ̀."

Yàgánà, ọmọṣẹ́ mi, ló gé aṣọ.
Ọmọ Mọ́ńgúnò ni. Ó mọ àsíá Ṣáàdì lórí,
búlúù, ìyeyè, pupa, kò wo ìwé;
abẹ́ rẹ̀ ló sùn fún ọdún méjì ní òdì kejì omi
nígbà tí iná jó ilé bàbá rẹ̀ níhìn-ín.
Ó ní, "Àǹtí, àwọn tó ń bọ̀ yìí,
ṣé wọ́n mọ ibi tí ilẹ̀ wa parí sí?"
Mo ní kó tẹ ẹ̀rọ.

Torí èmi náà kò mọ̀ ọ́n.
Àbúrò mi Oyèníran ń ṣọ́ ibodè lókè Géídàm,
ó ní òkúta funfun mẹ́ta àti igi ẹlẹ́gùn-ún kan
ni gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní ààlà.
Ewúrẹ́ á jẹun ní Nìjẹ̀, á wá mumi ní Nàìjíríà,
kò sẹ́ni tó bi í ní pásípọ́ọ̀tù.
Bẹ́ẹ̀ náà ni ọlọ́ṣà.
Á yìnbọn níhìn-ín, á fò sọ́hùn-ún,
á jókòó, á máa wò wá, á máa họ ẹsẹ̀.

Rédíò tiwa kò gbọ́ tiwọn.
Faransé ni ti ìjọba wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni tiwa,
ni Oyèníran àti sájẹ́ǹtì òdì kejì, Ìsúfù,
bá fi Háúsá yanjú ọ̀rọ̀ lẹ́bàá kànga.
Wọn ò mulẹ̀. Tíì ni wọ́n mu, ṣúgà mẹ́ta.
"Bí ẹ bá rí ẹni tí ẹ ò mọ̀ lóru,
ẹ tan tọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mẹta. Àwa náà á tan tiwa."
Kò sí bébà. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò.
Àwọn àgbà kúkú ti wí i:
ará ilé ẹni tó ń jẹ kòkòrò búburú,
bí a ò bá sọ fún un lọ́sàn-án,
ìkérora rẹ̀ ni kò ní jẹ́ ká sùn.

Ìpàdé ku ọ̀la, Màálàm Bùkáà tún dé,
òógùn bò ó, kò kí wa tán.
Ìlú kan ti fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, kí n yọ ọ̀kan.
"Èwo?"
Ó nàka sí èyí tó ní òbíríkítí aláwọ̀ ọsàn láàárín.
Ìlú Ìsúfù.
Owó mẹ́rìnlá ló san. Kì í ṣe ti owó.

Lórí tẹlifíṣọ̀n onítíì la ti wò wọ́n.
Ọ̀gágun kan, irun rẹ̀ bí òwú,
ní "ọ̀rẹ́", ó ní "àjọṣe",
ó ní wọn yóò fún wa ní ojú tó ń fò lófuurufú.
Ó dára. N kò bú wọn.
Ẹni tó wá báni ru ẹrù, a kì í bi í pé kí ló jẹ sùn.
Ṣùgbọ́n ojú mi ò kúrò lára àsíá mi,
mẹ́tàlá, wọ́n tò gbọọrọ,
àti àlàfo kan láàárín ìkẹrin àti ìkarùn-ún
tí ẹnikẹ́ni ò rántí sún dí.

Oyèníran pè lálẹ́. Afẹ́fẹ́ ń jẹ ohùn rẹ̀.
"Wọ́n ní ká má lọ sí kànga mọ́."
"Ìsúfù ńkọ́?"
Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé káàdì ti tán.
"Ó tan tọ́ọ̀ṣì lánàá. Lẹ́ẹ̀mẹta."
"Ẹ̀yin ńkọ́?"
Ìlà já.

Ìkẹrìnlá wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì.
Yàgánà ní ká tú u, aṣọ rẹ̀ á ṣe àpò.
Mo ní kó fi sílẹ̀.
Wọ́n lè ká àsíá kúrò lórí tábìlì;
ilé ò kúkú ṣí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.